Ta Ni Ó Rán Wọn Níṣẹ́?

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2007, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ń wa ọkọ̀ funfun kan bọ̀ ní ìkòríta Nisour ní ìlú Baghdad, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Blackwater, ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ìjọba Amẹ́ríkà háyà láti máa dáàbò bo àwọn aṣojú rẹ̀, yìnbọn pa á, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò dúró. Ó ń rọra yí bọ̀ nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní àwọn rò pé bọ́ǹbù ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, òkú 17 ni ìjọba Ìráákì kà, ọmọ ọdún 9 kan sì wà lára wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí òfin tí ó ká irú ẹ̀ṣọ́ báyìí mọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin wà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún wọn ni ó ń pinnu èyí tí ó lè mú wọn. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Ìráákì kò lè pè wọ́n lẹ́jọ́, nítorí pé Àṣẹ 17, tí Paul Bremer, ẹni tí Amẹ́ríkà fi ṣe alákòóso Ìráákì nígbà náà, fọwọ́ sí ní ọdún 2004 kí ó tó kúrò ní ìlú náà, ti yọ àwọn agbaṣẹ́ṣe òkèèrè kúrò lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà nídìí iṣẹ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí a fi ń mú agbaṣẹ́ṣe tí ó bá ṣẹ̀ lókè òkun dá lórí iṣẹ́ ológun, bẹ́ẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni ó háyà Blackwater. Àríyànjiyàn lórí kókó yìí gùn gan-an.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ìwé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àwọn aláṣẹ tí ó háyà wọn ní kí wọ́n kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé a kò ní fi ọ̀rọ̀ náà dá wọn lẹ́bi ní ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wá lo ìwé yẹn, Adájọ́ Ricardo Urbina da ẹjọ́ náà nù ní ìparí ọdún 2009. N kò bú adájọ́, nítorí pé ẹ̀tọ́ tí ó dáàbò bò ni ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ṣe ìlérí náà ni mo ń wò.

Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn jí ẹjọ́ náà dìde ní ọdún 2011, wọ́n dá mẹ́rin lẹ́bi ní ọdún 2014, Ààrẹ Trump sì dárí jì wọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí ó ti yí orúkọ padà sí Xe, kí ó tó tún di Academi, kò dúró níwájú adájọ́ ọ̀daràn rárá lórí ikú wọ̀nyí.

Àdéhùn tuntun láàárín Ìráákì àti Amẹ́ríkà fún ilé-ẹjọ́ Ìráákì ní agbára lórí àwọn agbaṣẹ́ṣe Amẹ́ríkà láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2009. Àwọn òkú Nisour ti lo oṣù 15 nínú ilẹ̀ nígbà náà.