Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹ̀ ló ń dà á láàmú

Ọmọdékùnrin kan wà ládùúgbò wa níbí l'Ókè-Fìà, bàbá ẹ̀ kì í kúrò nídìí paraga, ọmọ náà ò dẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́. Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀ tó ń ránṣọ, á ti tú òwú ká, á máa fẹsẹ̀ gbá bẹ́ńṣì, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan kọjá báyìí ó ti sá dé títì, asáímẹ́ǹtì ò tíì kúrò ní nọ́ńbà kìíní. Wọ́n á wá máa sọ ọ́ lójú ẹ̀ pé ọ̀mùtí lòun náà máa dà.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan méjì lẹ lọ̀ pọ̀ yẹn o. Àìlèjókòó yẹn lè jẹ́ ADHD, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́, dókítà ló máa sọ, ọmọ dẹ̀ lè ní in kí bàbá ẹ̀ má fẹnu kan bíà rí. Kí ọtí wà nínú ẹbí, tìẹn ọ̀tọ̀, kódà ọmọ tó ń jókòó kàwé jẹ́jẹ́ lè wà nínú ewu yẹn. Àmọ́ àwọn méjèèjì sáábà máa ń rìn pọ̀, ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi ń wo ọpọlọ kí wọ́n lè mọ èwo ni tèwo.

Wọ́n á ní kí ọmọ sùn sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara, tó bá rí àmì kan kó tẹ bọ́tìnì, tó bá rí èkejì kó má tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ò ka inú èèyàn o, ibi tí ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn ń ya lọ nínú ọpọlọ ló ń wò. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, apá iwájú ọpọlọ lọ́wọ́ ọ̀tún, tó dà bíi bíréèkì, kì í ṣiṣẹ́ tó tàwọn ẹgbẹ́ wọn lára àwọn tó ní ADHD. Wọ́n tún ti rí ìyàtọ̀ lápá iwájú yẹn lára àwọn ọmọ ọ̀mùtí tí ò tíì tọ́ ọtí wò rárá! Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù.

Ṣùgbọ́n èrò rẹpẹtẹ ni wọ́n kó jọ kí wọ́n tó rí i, ìyàtọ̀ ọ̀hún kéré, kò sẹ́ni tó lè wo ọpọlọ ọmọ kan ṣoṣo kó ní ọ̀mùtí rèé. L'Ámẹ́ríkà, wọ́n ń tẹ̀ lé ọmọ tó lé ní 11,000 láti nǹkan bí ọmọ ọdún 9 sí 10 nínú ìwádìí ABCD, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń wò wọ́n. Ohun tá a jogún kó nǹkan bí ìdajì nínú ewu ọtí. Ìdajì tó kù ńkọ́? Ọmọ yìí gan-an ni bàbá ẹ̀ ń rán lọ ra paraga lálaalẹ́, ẹni tó ń tà á fún un dẹ̀ wà lára àwọn tó ń pariwo ẹ̀jẹ̀ bàbá kiri. Màmá oníparaga, ẹ kọ́kọ́ dá ọmọ yẹn padà sílé lọ́wọ́ òfo ná.