Ìdí ò tẹ̀ lé orí

Ọkọ̀ tó ń fà àti ọkọ̀ tó ń rìn ségesège, àìsàn wọn yàtọ̀. Èyí tó ń fà, ojú kan ló mọ̀: tó o bá jọ̀wọ́ sítíárìn lónìí, òsì ló ń lọ, òsì náà ló máa lọ lọ́la. Èyí tó ń rìn ségesège, o ó tọ́ ọ sọ́tùn-ún, o ó tún tọ́ ọ sósì, títí èjìká á fi máa ro ọ́. Píkọ́ọ̀pù tèmi ń ṣe méjèèjì, òun ló jẹ́ kó rú gbogbo wa lójú.

Ẹyin ni mo fi ń kó láti Ìwó wá sí Ìbàdàn. Ẹni tó kó 100 kíréètì ẹyin sẹ́yìn kò lè máa bá sítíárìn jà bí ẹni ń da màlúù.

Apá tó ń fà sí ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ojú títì máa ń ga láàárín, ó máa ń rẹlẹ̀ létí, kí òjò lè ríbi ṣàn sí. Ọwọ́ ọ̀tún là ń rìn ní Nàìjíríà, nítorí náà ọkọ̀ tó bá sún díẹ̀ sọ́tùn-ún, títì ló ń tẹ̀ lé. Tèmi ń gòkè lọ sósì, lọ pàdé tírélà tó ń bọ̀.

Mo ní kí fọkanáísà wọn atẹ́gùn táyà láàárọ̀ kí wọ́n tó gbóná. Ó tún fi táyà iwájú ọ̀tún sósì, ó fi tòsì sọ́tùn-ún. Bó bá jẹ́ táyà ló ń fà á, ó yẹ kó yí apá padà. Kò yí. Mo wà á dé Lálúpọn, mo sọ̀kalẹ̀, mo wọ́n omi sí rímù kọ̀ọ̀kan. Bíréèkì tó bá ń di táyà mú, rímù ibẹ̀ á gbóná ju ìyókù lọ, omi á ta ṣàà. Ìkankan ò ta.

Mẹkáníìkì mi ní tai-rọ́ọ̀dù, irin tó so sítíárìn mọ́ táyà iwájú, ti gbó. A rà á. Ó tún ní bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé tí táyà iwájú fi ń yí, ni. A tún rà á. Mi ò purọ́, kò rìn ségesège mọ́. Ẹni tó ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì, tó ń tọ́ táyà kó lè kọjú síbi tó yẹ, náà gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ṣì ń fà.

Ìgbà tí mo ń gun òkè kan lohun kan hàn sí mi. Tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ kó lè gòkè, kì í fà. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò báyìí, ó ti já sósì, àgàgà tí mo bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Mo sọ fún mẹkáníìkì, ó ní ọkọ̀ tó ti dàgbà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ká sòótọ́.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ kan ló gun ọ̀kadà tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ kan. Nígbà tá a dúró, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú o, ọkọ̀ yín ń rìn bí ajá. Ìdí ò tẹ̀ lé orí."

Ó wá okùn. Lápá òsì, ó nà án láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, ó ta kókó síbẹ̀. A gbé okùn náà lọ sápá ọ̀tún: táyà ẹ̀yìn fi ìka méjì kọjá kókó.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n wá wò ó. Bóòtù àárín sípíríǹgì ọ̀tún, tí orí rẹ̀ máa ń wọ inú ihò kan kí ásù ẹ̀yìn, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, má baà sún, ti já. Yú-bóòtù tó di ásù mọ́ sípíríǹgì ti dẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ ti dípẹtà, ẹrẹ̀ ti gan mọ́ ọn, àfi ojú kan tí kò ju èékánná lọ, tó ń dán gbinrin bí ṣíbí tuntun. Ibẹ̀ ni ásù ti ń yọ̀ síwá sẹ́yìn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń tì í, á bọ́ sáyè rẹ̀. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀, táyà ọ̀tún á fà sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á yà sọ́tùn-ún, imú rẹ̀ á wá máa wá òsì lọ.

Bóòtù yẹn ò wọ́n tó kíréètì ẹyin kan. A pààrọ̀ ẹ̀ lápá méjèèjì, a ra yú-bóòtù tuntun. Ọmọ náà ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kóun tún yú-bóòtù náà fún pinpin, torí ó máa ń dẹ̀ díẹ̀ tí ẹrù bá ti gùn ún.

Mo wà á jáde. Kò fà. Ṣùgbọ́n sítíárìn ti wọ́ sósì, torí orí ìdí tó yà ni wọ́n ti ṣe aláìnmẹ́ǹtì. Mo bá tún forí lé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì.

"Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ tún ti dé," ló wí. Ó ti ń nawọ́ mú jáàkì.