Pátákó tí mo yàn fún afẹ́fẹ́ tí kò le
Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n etíkun Sèmè ni mo ti ń fi káìtì (aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò, tó ń fi okùn fa èèyàn tó dúró lórí pátákó) gun ìgbì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá ju nọ́ọ̀tì 12 lọ (nǹkan bíi kìlómítà 22 ní wákàtí kan), pátákó kékeré tí orí àti ìdí rẹ̀ jọra máa ń rì lábẹ́ mi. Èyí tó fẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ló ń tètè yọ̀ lórí omi. Àmọ́ nínú ìgbì, imú pátákó pẹrẹsẹ máa ń gún omi (ó ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì). Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn pátákó tó nípọn, tí imú rẹ̀ yí sókè díẹ̀, tó ní lẹbẹ mẹ́ta lábẹ́: ìgbì fúnra rẹ̀ ló ń tì í, kódà bí okùn káìtì bá dẹ̀.