Ìbọn Mélòó Ló Wà Nínú Ilé Yìí?

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé ní Houston kí èmi àti ọkọ mi tó kó wá sí Montreal, ní Kánádà. Iṣẹ́ kan náà ni mò ń ṣe níhìn-ín: mo máa kan ilẹ̀kùn arúgbó, mo máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo máa to oògùn ọ̀sẹ̀ kan sínú ike.

Ní Houston, ọ̀gá mi máa ń bi mí bóyá mo ń bẹ̀rù ajá. Kò sẹ́ni tó béèrè nípa ìbọn rí. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìrọ̀rí bàbá ẹni ọdún 81 kan kí n lè pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọta sì wà nínú rẹ̀. Bàbá yìí ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní òun ò mọ̀ pé ìbọn ṣì wà nílé.

Ta ni ì bá mọ̀? Ní Texas, èèyàn ò nílò láísẹ́ǹsì kó tó ra ìbọn. Òfin 1986 kò sì jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe àkójọ orúkọ àwọn tó ní ìbọn. Bí ọlọ́pàá bá rí ìbọn níbi tí wọ́n ti pa èèyàn, àwọn òṣìṣẹ́ ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, ní Martinsburg, West Virginia, ni yóò pe ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, wọn yóò pe ẹni tó tà á, wọn yóò tún máa tú ìwé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti pa èèyàn tán ni gbogbo ìyẹn.

Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ní Òkè-Ògùn. Ara ògiri ni ṣakabùlà rẹ̀ máa ń wà, gbogbo agboolé ló mọ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá gbé e lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, wọ́n máa ń tan iná mẹ́rìnlá sójú ọ̀run láti orí òkè Mount Royal, nítorí obìnrin mẹ́rìnlá tí ọkùnrin kan fi ìbọn pa ní Polytechnique, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan níhìn-ín, lọ́dún 1989. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo rí i, obìnrin tó dúró tì mí ní bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀bù ṣí fìlà òtútù rẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dé. Ikú àwọn obìnrin yẹn wà lára ohun tó bí òfin Kánádà ti 1995, tó ní kí wọ́n kọ ìbọn gígùn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ti ìléwọ́ ti wà lákọsílẹ̀ láti 1934.

Lójú tèmi, ó yẹ kí ìjọba mọ ìbọn tó wà nílé kálukú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ṣì wà ní Houston kò gbà. "Àbúrò mi, olè wo ló máa lọ forúkọ ìbọn sílẹ̀?" Ó tún máa ń rán mi létí owó, òtítọ́ ló sì ń sọ. Mílíọ̀nù méjì dọ́là ni ìjọba Kánádà ní àkọsílẹ̀ ìbọn yóò já lé ará ìlú lórí. Lọ́dún 2002, olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà, Sheila Fraser, sọ pé yóò ju bílíọ̀nù kan lọ. Ìnákúnàá gbáà ni, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ìjọba Stephen Harper, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, fòpin sí ti ìbọn gígùn lọ́dún 2012. Québec, ìpínlẹ̀ tí Montreal wà, ní kí wọ́n fún òun ní ìpín tòun nínú àkọsílẹ̀ náà kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ó gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin dá a lẹ́bi lọ́dún 2015. Ó wá ṣe àkọsílẹ̀ tirẹ̀, láti oṣù Kìíní 2018, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọdẹ ìgbèríko bínú, wọ́n ṣì ń bínú.

Ṣùgbọ́n olè kọ́ ni mò ń tọ́jú.

Nígbà òtútù tó kọjá, bàbá kan tí mò ń tọ́jú, tó ti ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín láti ìgbà èwe, bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó rẹ̀ ní olè. Ó ní òun yóò yìn ín níbọn. Òfin Québec gbà kí nọ́ọ̀sì tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá, mo sì tú u. Ọlọ́pàá méjì dé. Ìyá ṣí àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ìbọn méjì hàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mẹ́ta ló wà lákọsílẹ̀." Ìyá ní rárá.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti rí ìkẹta, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, nínú kúbùsù ọmọdé. Ọta kan wà nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sókè, èkejì sì fi biro tọ́ka sí i nínú ìwé. Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń sọ̀kalẹ̀ wá fọṣọ síbẹ̀.