Owó Dókítà àti Ìpá Àbúrò Mi

Àbúrò mi ọkùnrin ló máa ń bá mi gbé ìdì tẹ́ẹ́rù, aṣọ funfun tá a fi ń ṣe àdìrẹ, wọ sọ́ọ̀bù n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ṣàkíyèsí pé kó tó gbé ẹrù, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì ti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, bí ẹni ń di ilẹ̀kùn mú. Mo bi í títí ó fi jẹ́wọ́. Ìpá ni. Tó bá dìde, á yọ bí ẹyin adìẹ. Tó bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Ọsibítù ìjọba tó lọ ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ.

Bàbá Ìjẹmọ̀, àbúrò bàbá wa, pe ìpàdé. "Ẹ má da àwọn yẹn lóhùn. Owó ni wọ́n ń wá. Ọlọ́bẹ̀ wo ló máa ń sọ fún èèyàn pé ẹ̀kọ lásán ti tó?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn létí.

Ìgbà tí mo délé ni mo wá ń tú u wò, bí ẹni ń tú ìko lára àdìrẹ. Owó oṣù ni dókítà yẹn ń gbà. Bó ṣe iṣẹ́ abẹ kan, bó ṣe ogún, owó oṣù rẹ̀ náà nìyẹn. (Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n á ní kó o wá bá àwọn ní ọsibítù tara wọn lálẹ́. Ká ní wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún un ni, ẹ̀yìn Bàbá ni mo máa wà.) Alágbo tí Bàbá mú wá ńkọ́? ₦15,000 ló pe ìgò mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tóun ń wá.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Bàbá fúnra wọn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, dókítà ní òkúta inú àpò òróǹro wọn ò tíì yọ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n délé, wọ́n ní: "Ọmọdé ni, kò mọ iṣẹ́." Ẹ jẹ́ ká là á, olè ni, ẹ má là á, kò mọ iṣẹ́. Kí ni dókítà fẹ́ sọ tí Bàbá á fi gbà pé òótọ́ ló ń sọ?

Àwọn oníṣẹ́ abẹ Amẹ́ríkà fúnra wọn ló ṣèwádìí lórí ọkùnrin 720 tí ìpá wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lára. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2006: ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró, kì í sábàá di pàjáwìrì. Ẹni tó ń fi abẹ jẹun ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Àmọ́ kí ọdún méjì tó pé, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwọn tó dúró ti padà wá ṣe é, ìrora ló lé ọ̀pọ̀ wọn wá. Ti àbúrò mi sì ti ń dùn ún báyìí, ó tún ń gbé ẹrù.

Mo kọ ìbéèrè méjì sí ìwé fún un, kó lọ bi dókítà. Tí n bá dúró di ẹ̀yìn ọdún Lísàbí ńkọ́? Kí ni mo máa rí tí mo fi máa sáré wá? Dókítà ní òun ò ní fipá mú un, ṣùgbọ́n tó bá yọ tí kò wọlé mọ́, tó ń dùn ún, tó ń bì, kó má dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́.

Àbúrò mi ti mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Alágbo ṣì ń pe Bàbá lórí owó ìgò tó kù.