Òkúta tí ó yẹ ọ̀bẹ ìdáná àti abẹ ìfárùngbọ̀n

Abẹ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi jẹ́ abẹ àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Solingen ní ilẹ̀ Jámánì, irú èyí tí a ń ṣẹ́ pọ̀ sínú èkù rẹ̀, tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò kí bíléèdì tó gbòde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ pọ́n ọn, mo rò pé iṣẹ́ náà kò ní ju èyí tí mo ń ṣe fún ọ̀bẹ ìdáná mi lọ. Mo ní òkúta olójú méjì kan, nọ́ńbà 1000 ní ojú kan, 6000 ní ojú kejì (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni hóró òkúta ṣe kéré tó), tí mo ti fi ń pọ́n ọ̀bẹ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Mo bu omi sí i, mo tẹ́ abẹ lé e, mo sì pọ́n ọn títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣe ni ó ń fa irun tu. Ẹ̀bá orí rẹ̀ ń gé irun, ẹ̀bá èkù náà ń gé e, ṣùgbọ́n àárín kò mú rárá.

Láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo fi máákà dúdú kun gbogbo ẹnu abẹ náà, mo sì fà á lórí òkúta lẹ́ẹ̀márùn-ún péré. Dúdú náà parẹ́ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó sì wà digbí ní àárín. Mo wá gbé rúlà lé ojú òkúta ní ìbú, mo gbé e sókè sí fèrèsé, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gba abẹ́ rúlà kọjá. Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fa ọ̀bẹ lórí àárín rẹ̀ ti sọ ibẹ̀ di kòtò, n kò sì fura, nítorí pé ọ̀bẹ kò fi ìgbà kankan ṣàròyé.

Ọ̀bẹ kò ní ìdí láti ṣàròyé. Ọwọ́ ẹni tí ó ń pọ́n ọn ni ó ń di igun rẹ̀ mú: nǹkan bí dígíríì 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀bẹ ilẹ̀ Japan, nǹkan bí 20 fún ti ilẹ̀ Yúróòpù. Bí òkúta bá jìn díẹ̀, ọwọ́ a tẹ̀ lé e, ẹnu ọ̀bẹ tí ó sì rí kọrọdọ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ a ṣì rí ibi fara kan. Ti abẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, kí ẹ̀yìn àti ẹnu lè jọ sùn sórí òkúta lẹ́ẹ̀kan náà, ìnípọn ẹ̀yìn yẹn ni ó sì ń pinnu igun. Ti bàbá mi fẹ̀ tó mílímítà 20 láti ẹnu dé ẹ̀yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó mílímítà 5.5, èyí tí ó fún un ní igun tí ó sún mọ́ dígíríì 16 lápapọ̀. Ọwọ́ kò ní ohun tí ó lè tún ṣe níbẹ̀. Bí òkúta bá ti rí gan-an ni abẹ yóò ṣe rí.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra òkúta fún méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo nọ́ńbà, kí ó kọ́kọ́ ra ohun tí yóò máa fi mú ojú òkúta tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwo dáyámọ́ńdì, ìyẹn àwo irin tí hóró dáyámọ́ńdì bo ojú rẹ̀, ni ó yá jù, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì tí ó nípọn àti sáńpépà aláwọ̀ dúdú tí kì í bẹ̀rù omi, irú èyí tí àwọn tí ń kun ọkọ̀ ń lò. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ojú òkúta ní òòró àti ní ìbú, mo bu omi sí sáńpépà, mo sì ń gbo òkúta lórí rẹ̀ títí gbogbo ìlà náà fi parẹ́. Ibi tí ìlà bá kù sí, ibẹ̀ ni kòtò wà. Kí abẹ tó kan òkúta, mo gbọ́dọ̀ ṣe èyí. Tí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ, mo lè pọ́n méjì tàbí mẹ́ta kí n tó tún un ṣe.

Ní ti nọ́ńbà, kí a ṣọ́ra, nítorí pé ìlànà kò dọ́gba. Nọ́ńbà 1000 ti ìlànà JIS ilẹ̀ Japan ní hóró tí ó tó máíkírónì 11 sí 12, ìyẹn ìdá 11 sí 12 bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nígbà tí sáńpépà P1000 ti ìlànà Yúróòpù ní hóró tí ó tó 18. Nọ́ńbà 8000 ti Japan kò fi bẹ́ẹ̀ ju máíkírónì 1 lọ. Òkúta eléérú olójú méjì tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ irin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti silicon carbide, èròjà líle àtọwọ́dá tí Edward Acheson gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1893, dára fún àdá àti fún ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé abẹ sún mọ́ ọn.

Òkúta 1000 ni òkúta tí méjèèjì lè jọ lò, òun sì ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹran àti iṣu, mo máa ń dá a dúró níbẹ̀. Ti ẹja àti àlùbọ́sà ni mo ń gbé dé 6000. N kò rí èrè nínú kí a gbé ọ̀bẹ ìdáná kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnu tí ó bá ti dán jù a máa yọ̀ lórí èèpo tòmátì tí ó pọ́n. (Ìdí abọ́ tánganran ni ìyá mi ń lò ní tirẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ sì ń mú, nítorí pé etí ìdí abọ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí kò ti dán, le ju irin lọ.) Ní ti abẹ, 6000 kò ì tíì tó fún awọ ara. Ó fẹ́ 8000, ó sì tún fẹ́ 12000 bí awọ ẹni bá tètè ń bó.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn òkúta àdánidá fún ìparí yìí. Coticule, òkúta pupa-rúsúrúsú tí wọ́n ń wà ní agbègbè Vielsalm ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní àwọn hóró garnet wẹ́wẹ́ tí wọ́n le púpọ̀, ẹnu tí ó sì ń fún abẹ rọ̀ mọ́ ojú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti rà á, nítorí pé kò sí méjì tí ó dọ́gba. Òkúta Arkansas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà dára, òróró ni wọ́n sábà máa ń lò lórí rẹ̀. Òkúta omi, irú èyí tí a ń bu omi sí, ní tirẹ̀, kí òróró má kàn án láé.

Òkúta ìparí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti abẹ nìkan. Ṣóńṣó ọ̀bẹ kan tí ó bá gún un lè fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa ya ẹnu abẹ. Bákan náà, a ń tẹ ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ títí irin tín-ín-rín yóò fi yí sókè ní ìhà kejì, ṣùgbọ́n abẹ kò fẹ́ ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ: ẹnu ni ó ń ṣíwájú, a ó sì máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ yí i padà, láìjẹ́ kí ẹ̀yìn náà gbé sókè. Lórí awọ ẹran tí a fi ń parí iṣẹ́, ẹ̀yìn ni yóò máa ṣíwájú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún pọ́n abẹ bàbá mi. Mo kùn ún ní máákà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo fà á lórí òkúta 1000 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, dúdú náà sì parẹ́ láti ẹ̀bá èkù títí dé orí.