Táyà Iwájú Honda Mi Tó Ń Jẹ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Oṣù kejì

Honda CG125 ni alùpùpù yìí. Mi ò fi gbé èrò, ìgbafẹ́ lásán ni. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń gùn ún láti Ìbàdàn gba Mọ́níyà lọ sí Ọ̀yọ́, kí n padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe parí lọ́dún tó kọjá, kò sì yọ mí lẹ́nu mọ́. Iwájú ló kù. Bí mo bá ń sáré 60, tí mo wá dẹwọ́ iná, bó bá ti ń sún mọ́ 45 báyìí, ọwọ́ alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tí mo bá dì í mú dáadáa, á dákẹ́. Tí mo bá tún dẹwọ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ojú kò rí nǹkan kan lára táyà náà, ọwọ́ ló rí i. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra á síwájú, ó ń yọ̀. Mo ra á padà sẹ́yìn, ó ń họ mí lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Gbogbo búlọ́ọ̀kù róbà tó wà lójú táyà ló ga létí kan, tó sì lọ sílẹ̀ létí kejì. Lápá òsì ni ọ̀rọ̀ ti burú jù: ibẹ̀ jin kòtò-kòtò yípo táyà, orí ìka mi sì ń wọnú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fọkanáísà òpópónà wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra òmíràn, èyí ti lọ." Mo ní tuntun tí mo bá wọ̀ ọ́ lónìí, ohun tó jẹ èyí ló máa jẹ òun náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lówó yín."

Mo fi ẹfun sàmì sójú mẹ́rin lára táyà, mo wọn bí ojú rẹ̀ ṣe jìn tó. Apá ọ̀tún jẹ́ mílímítà 3.4, àárín 2.6. Òsì kò dúró lójú kan: 2.3 níbìkan, 1.7 níbòmíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀ràn méjì ló wà níbẹ̀. Pé òsì kéré ju ọ̀tún lọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Pé òsì fúnra rẹ̀ rí gọ́ngọ̀-gọ́ngọ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Àwọn tó ń gùn máa ń pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní "táyà ti jẹ", wọ́n á sì ra òmíràn.

Afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Psi 25 ni ìwé Honda yìí ní kí táyà iwájú máa jẹ. Mo bá 18 nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ojú táyà á máa ká, á sì máa yọ́ lójú títì nígbàkigbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan kì í mú ọwọ́ gbọ̀n báyìí.

Oṣù kẹta

Iṣẹ́ gan-an rèé. Mo gbé e sórí sítáǹdì àárín, mo ki igi sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ méjèèjì tó gbé táyà iwájú, èyí tí à ń pè ní ṣọ́ọ̀kì, mú nísàlẹ̀, mo fà á sọ́dọ̀ ara mi, mo tì í padà. Kọ́. Ohùn kékeré kan lókè, lọ́rùn alùpùpù. Mo ní kí ọmọ mi fi ìka kan ibi tí ọrùn ti pàdé férémù, mo tún fà á. Ó ní, "Dádì, ó ń mì!"

Lẹ́yìn náà ni mo fi ìka kan ṣoṣo yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Bó ṣe dé àárín gangan, ó há. Àfi kí n tì í kó tó kọjá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ọ̀nà tààrà la máa ń gùn jù, ojú kan náà ni àwọn bọ́ọ̀lù inú ọrùn wà nígbàkigbà tí táyà bá já sí kòtò, ni wọ́n bá lu ibẹ̀ jin. Ọrùn tó rí báyìí kò lè jẹ́ kí táyà dúró jẹ́ẹ́ lójú títì. Ó ń já, ó ń bà, ibi tó bá sì ti ń bà náà ló ń jẹ.

Mo lọ sí Géètì n'Ìbàdàn lọ ra bọ́ọ̀lù ọrùn àti abọ́ tí wọ́n ń yí nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó tà á fẹ́ kí n ra bọ́ọ̀lù nìkan, ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tuntun nínú abọ́ tó ti jin, owó ìyà ni. Mo kó gbogbo rẹ̀ tokè tìsàlẹ̀. Gíríìsì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ní ti nọ́ọ̀tì òkè, èyí tí mo fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni pé kí n mú un le títí ohùn kọ́ yẹn á fi lọ, síbẹ̀ tí mo bá ti ọwọ́ kúrò láàárín díẹ̀, kí ó fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣubú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá le jù, alùpùpù á máa ta bí ọ̀mùtí, èyí náà sì léwu.

Ṣọ́ọ̀kì òsì ti ń sunkún látẹnu síìlì, ìyẹn róbà tó ń dá ọ́ìlì dúró sínú rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, omi dúdú díẹ̀ ló jáde, ti ọ̀tún sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tí kò ní òróró kan náà kò lè gba kòtò bákan náà. Mẹkáníìkì àdúgbò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló dáa jù níbẹ̀, ó ní òun ti ń lò ó tipẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ọ́ìlì 10W tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀kì ni mo rà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki jù, ṣọ́ọ̀kì á lọ́ra láti padà, kòtò kejì á ti bá a kó tó gbéra. Mo wọn ọ́n sínú ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́gbọọgba.

Rímù kò le púpọ̀. Mo so wáyà mọ́ ṣọ́ọ̀kì kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rímù, mo yí i, mo rí ibi tó ti ń sún mọ́ ọn. Sípóòkù mélòó kan ń dún bọ̀ọ̀ dípò kí wọ́n dún gbọnrangandan, mo fún wọn pọ̀. Mo jẹ́ kí rímù náà yí fúnra rẹ̀, ojú kan náà ló ń padà wá sísàlẹ̀ torí ibẹ̀ ló wúwo jù, mo fi wáyà òjé díẹ̀ dí i ní òdìkejì. Táyà ẹ̀yìn náà, mo fi okùn wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán mọ́ tiwájú. Ó dúró.

Oṣù kẹrin

Táyà tuntun ti wọlé. Ìwọ̀n 2.75-18 ni, ọ̀fà ara rẹ̀ tó ń sọ ibi tó yẹ kí táyà máa yí sí sì tọ́ka sí ibi tó yẹ. Nọ́ḿbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn tó wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni mo kọ́kọ́ kà kí n tó sanwó: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà tó ti ń yá oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù láti ọdún mọ́dún kì í ṣe tuntun mọ́.

Ọwọ́ kò gbọ̀n mọ́. Mo dẹwọ́ iná láti 60 títí alùpùpù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kò sí nǹkan kan.

Bí òsì ṣe ń jẹ ju ọ̀tún lọ ló kù, mi ò sì rò pé ṣọ́ọ̀kì tàbí bọ́ọ̀lù ló fà á. Ọ̀tún la ń gbà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Òsì la ń gbà kó tó di ìgbà náà. Títì ga láàárín, ó dagun sétí kí omi òjò lè ṣàn lọ. Bí a bá ń gba ọ̀tún, tí alùpùpù sì dúró ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ òsì táyà ló ń kan títì jù. Àwọn kan ní òun nìkan ló fa gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, ìdagun yẹn kéré. Kọ́nà ló pọ̀ jù: bí a bá yà sí ọ̀tún, kọ́nà kúkúrú ni, a máa ń rọra, bí a bá yà sí òsì, a máa ń la títì kọjá ni, ó gùn, a sì máa ń sá a. Ráńdàbáùtù ńkọ́? Òsì la máa ń tẹ̀ sí láti ìgbà tí a bá ti wọ̀ ọ́ yípo. Mo bi àbúrò mi tó ń gun alùpùpù ní London. Ọ̀tún ni tiẹ̀ ti ń jẹ, òsì ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yí táyà padà lórí rímù kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè jẹ dọ́gba. Mi ò ní ṣe é. Ọ̀fà yẹn ní ìdí tí wọ́n fi yà á síbẹ̀, òjò sì ti ń bọ̀.

Oṣù kẹfà

Mo fi ẹfun sàmì sójú mẹ́rin lára táyà tuntun náà, mo wọn òun náà. Òsì ti fi mílímítà 0.3 kéré sí ọ̀tún, àmọ́ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ń yọ̀ bó ṣe ń lọ àti bó ṣe ń bọ̀. Síìlì gbẹ. Psi 25 ni mo ń fi gééjì ara mi wò ní òwúrọ̀ kí táyà tó gbóná. Bíréèkì iwájú ni mo máa tú lẹ́yìn èyí, nítorí ó ń fà díẹ̀ nígbà tí mo bá tú ọwọ́ lára rẹ̀, mo sì fẹ́ wo bí ṣúù bíréèkì ṣe jẹ.